Pọ́ọ̀tù Lekki: ẹ̀rọ dé, ọ̀nà ńkọ́?

Rifíù tí mo ṣèlérí látọjọ́ tí mo ti kó ẹja Màmá oníbàárà mi jáde ní pọ́ọ̀tù Lekki rèé o, ó pẹ́ díẹ̀, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́. Ó ti lé ní èèyàn mẹ́wàá tó ti bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé pọ́ọ̀tù tuntun yẹn dà bíi tòyìnbó, pé pọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé ni, kò sí èéfín níbẹ̀, pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, pé ajẹ́ńtì á kàn jókòó sílé kó máa tẹ fóònù. Ẹ̀rín pa mí. Ajẹ́ńtì ni mí, ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń kílíà ẹrù, pọ́ọ̀tù Àpápá ni wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́, pọ́ọ̀tù Tin Can ni mo ti di ọ̀gá ara mi, torí náà ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ, ẹ fi ti pósítà sílẹ̀ ná.

Ẹrù ọ̀hún jẹ́ rẹ́fà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 kan, ẹja títúsì ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Fún ẹni tí ò mọ̀, rẹ́fà ni kọntéénà tó ní ẹ̀rọ amóhuntutù lára, ẹja inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní díígírì -18 látìgbà tí wọ́n ti dì í títí tó fi máa wọ kóòdù rúùmù, iná ò gbọ́dọ̀ já lórí ẹ̀ pẹ́. Ìjọra-Ọlọ́pàá ni kóòdù rúùmù Màmá oníbàárà mi wà, níbi tí ìdajì Èkó ti ń ra ẹja yìnyín, ẹ sì mọ̀ pé téèyàn bá sín ní Ìjọra, ará Àpápá á kí i pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé ẹja náà kọjá òkun ní Lekki lọkọ̀ àwọn ń já ẹrù sí báyìí. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n pariwo lórí fóònù: "Ajẹ́ńtì mi, Lekki kẹ̀? Lẹ́yìn Ajah lọ́hùn-ún? Ṣé ẹja mi fẹ́ lọ ra ilẹ̀ ni?" Mo ní Màmá ẹ fọkàn balẹ̀, pọ́ọ̀tù ìgbàlódé ni. Wọ́n ní ìgbàlódé ò kan àwọn, kí ẹja ṣáà má rà.

Ká tó dé Lekki, ẹ jẹ́ n rántí Àpápá díẹ̀, torí ẹni tí ò bá mọ Àpápá ò lè mọ ohun tí mò ń yìn. Ní 1975, siméńtì tí ìjọba ológun paláṣẹ ẹ̀ tó bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ọkọ̀ ojú omi lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún bá tò sẹ́nu omi Èkó, wọn ò ríbi já a sí, siméńtì ń dì gbagidi sínú ọkọ̀. Wàhálà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n sáré kọ́ Tin Can, wọ́n ṣí i ní 1977. Nígbà tó di 2006, wọ́n kó àwọn tẹ́mínà fún aládàáni, ẹ̀rọ tuntun dé lóòótọ́, iṣẹ́ yá sí i nínú ọgbà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ro ti títì tó wà níta géètì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà l'Ékòó láàárín 2017 sí 2020 á rántí: tírélà tò láti Wharf Road gun orí bíríìjì Èkó, ó tún ya lọ sí Ìgànmú, lọ́nà Mile 2 lọ́hùn-ún ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́, dírẹ́bà ń wẹ̀ lábẹ́ tírélà, wọ́n ń sebẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fọṣọ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó ọkọ̀ láti Àpápá sí ibi tí ọ̀kadà máa gbéèyàn dé ní ogún ìṣẹ́jú wá ń sún mọ́ 1 mílíọ̀nù náírà. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé pọ́ọ̀tù ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, orí bíríìjì yẹn ni mo máa ń rántí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ́ńjìnì àtijọ́ tí wọ́n tàn sílẹ̀ lójú kan, tí wọn ò lọ síbì kankan, tí dísù ń jó.

Ní 27 February 2021 ni NPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn pọ́ọ̀tù, gbé Ètò dé, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń pe tírélà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dírẹ́bà á kọ́kọ́ wọ páàkì, á gba tíkẹ́ẹ̀tì, á dúró kí wọ́n pè é kó tó kọrí sí géètì. Mo máa sọ òótọ́, orí bíríìjì ṣófo, kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ìlà tírélà ò kú o, ó kàn lọ fara pamọ́ sínú páàkì ni. Páàkì kan wà tí mi ò ní dárúkọ, ọkọ̀ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin lọ́dún náà, àwọn tó dé lẹ́yìn wa ń jáde lọ ṣáá, mo bi ọmọkùnrin tó mú kọ̀ǹpútà dání pé kí ló dé, ó ní nẹ́tíwọọ̀kì ni. Nẹ́tíwọọ̀kì tó mọ ojú èèyàn.

Ó dáa, a dé Lekki. Ìbẹ̀jú-Lekki ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rìfáínárì Dangote, Buhari ṣí i ní January 2023, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní April ọdún náà. Àwọn ará Ṣáínà tó kọ́ ọ àti ilé iṣẹ́ Tolaram ló ni ìdá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìjọba Èkó ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, NPA ní 5. Nǹkan àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́. Mo dé géètì, mo ń wá àwọn ọmọ tó máa ń di ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń ta gálà, àwọn tó ń sọ pé "bọ̀ọ̀sì, kí lẹ mú wá fún wa", mi ò rí ẹnì kankan. Sikúríítì kí mi, ó wo nọ́ńbà ọkọ̀ lórí ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀, ó rí i pé a ti gba àyè sílẹ̀, ó ní ẹ wọlé sà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ ara mi wò bóyá èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Látìgbà tí tírélà fi wọlé títí dìgbà tó fi jáde pẹ̀lú kọntéénà lórí, kò pé wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀yin ará Tin Can, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rọ ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ní July 2022 ni ọkọ̀ kan ti Ṣáínà gbé àwọn kiréènì àkọ́kọ́ dé ní ìnàró bẹ́ẹ̀, mẹ́ta tó ń já ẹrù láti inú ọkọ̀ ojú omi, mẹ́wàá míì tó ń to kọntéénà nínú ọgbà, téèyàn bá dúró sísàlẹ̀ ẹ̀ tó wòkè, fìlà á já. Mo dúró wò wọ́n fún bí ìdajì wákàtí bí ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń wo katakata. Ohun tó wú mi lórí jù ni ibi tí wọ́n to rẹ́fà sí, plọ́ọ̀gì ló tò lọ rẹrẹ, rẹ́fà kọ̀ọ̀kan lójú iná tiẹ̀, ọmọbìnrin kan tó dé akoto ń rìn láti ọ̀kan dé èkejì, ó ń ka ìtutù wọn sílẹ̀. Ó fi ti Màmá hàn mí: -18.2. Mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí Màmá, wọ́n fi ọwọ́ àdúrà márùn-ún dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa èéfín, ibi tí mo rò pé Lekki ti ṣe iṣẹ́ gidi kò sí nínú ohun tí wọ́n ń polówó rárá, inú omi ló wà. Omi ibẹ̀ jìn tó mítà 16.5, ti Àpápá ò ju 13.5 lọ. Kí lèyí kan èéfín? Ó kàn án gan-an. Torí pé àwọn ọkọ̀ gìrìwò ò lè wọ Èkó tẹ́lẹ̀, Lomé ni wọ́n ti máa ń sọ púpọ̀ nínú ẹrù wa kalẹ̀, omi tiwọn jìn, àwọn ará Togo á gbowó tiwọn, ọkọ̀ kékeré á wá lọ kó o wá sílé díẹ̀díẹ̀. Ẹrù kan náà á gun ọkọ̀ méjì, kiréènì á gbé e sọ̀kalẹ̀, á tún gbé e gòkè, á tún gbé e sọ̀kalẹ̀ l'Ékòó, gbogbo ìyẹn epo ni, owó ni, ọjọ́ ni. Ní báyìí tí ọkọ̀ ńlá lè wá tààrà sí Lekki, epo tó ń jó lórí kọntéénà kọ̀ọ̀kan dín kù, torí ọkọ̀ tó gbé kọntéénà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ò jó epo ìlọ́po mẹ́ta ti èyí tó gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ìṣirò ọlọ́jà ni, bí danfo àti bọ́ọ̀sì gígùn ni.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ náà ò sùn o. Ó nílò iná fún àwọn rẹ́fà tó kù lórí ẹ̀, fún pọ́ńpù, fún ibi táwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń gbé, jẹnẹrétọ̀ inú ẹ̀ á máa ké tọ̀sán-tòru, àdúgbò tó bá wà nítòsí ni yóò sì fa èéfín ẹ̀ sí imú. Láti January 2020 ni IMO, àjọ àgbáyé tó ń ṣòfin fún ọkọ̀ ojú omi, ti ní kí imí ọjọ́ inú epo ọkọ̀ ojú omi má ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ mọ́, 3.5 ló wà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ran ẹ̀dọ̀fóró wa lọ́wọ́ o, àmọ́ èéfín ò tíì tán. Ohun táwọn ibòmíì ń ṣe ni pé wọ́n á na wáyà láti orí ilẹ̀ sínú ọkọ̀, ọkọ̀ á pa jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, á máa lo iná ìlú. Los Angeles ti ń ṣe é fún ọkọ̀ kọntéénà láti 2004, Yúróòpù sì ti sọ ọ́ dòfin pé tó bá di 2030, ọkọ̀ kọntéénà àti ọkọ̀ èrò tó bá dúró ní àwọn èbúté ńlá wọn gbọ́dọ̀ gba iná orí ilẹ̀.

Ẹnìkan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí àwa náà ṣe é kíákíá. Mo ní iná wo? Ṣé ti gíríìdì tó ṣubú léraléra ní 2024 títí tí a ò fi kà á mọ́? Ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ iná bí ìlú kékeré, ẹ wá so ó mọ́ wáyà tí ò dá ara ẹ̀ lójú. Tó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ dísù la máa tàn lórí ilẹ̀ kí ọkọ̀ lè pa tiẹ̀, a kàn gbé èéfín láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ni. Gáàsì ni mo rí bí ọ̀nà àbáyọ tiwa, gáàsì wà nílẹ̀ yìí, a ṣì ń sun díẹ̀ nínú ẹ̀ dànù ní apá ibi tí wọ́n ti ń wa epo, tí wọ́n bá fi kọ́ ilé iná tó dúró ṣinṣin fún pọ́ọ̀tù, tí wọ́n fi sólà kún un lórí òrùlé àwọn ilé ìkẹ́rùsí pọ́ọ̀tù tí oòrùn ń pa lásán, nígbà náà ká wá sọ̀rọ̀ wáyà. Bí ti Los Angeles ṣe rí kọ́ ló máa rí níbí, ohun tó bá wà nílẹ̀ la fi ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìwé ńkọ́? Kọ́sítọ́ọ̀mù ti gbé iṣẹ́ kúrò lórí NICIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kílíà ẹrù tẹ́lẹ̀, sórí tuntun tí wọ́n ń pè ní B'Odogwu báyìí, orúkọ yẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín lójoojúmọ́, ẹni tó bá ń jẹ́ Odogwu ò gbọ́dọ̀ máa há. Ìjọba Àpapọ̀ sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní April 2024 fún ètò tí gbogbo àjọ máa fi jọ lo ojú ìwé kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ajẹ́ńtì má baà máa kó fáìlì kiri bí ẹni ń wá iṣẹ́. Èyí gan-an ló máa dín ọjọ́ kù ju kiréènì lọ, tẹ́ ẹ bá bi mí. Torí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi: gbogbo ìwé ẹja yìí ni mo ti fi ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo ti rí i tó kọ ọ́ pé wọ́n ti gbà á, mo wá dé ọ́fíìsì kan (mi ò ní sọ èyí tó jẹ́, ó ṣáà jìnnà sí ọgbà pọ́ọ̀tù), ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ ní kí n tẹ ohun kan náà jáde ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí n fi àwọ̀ búlúù kọ orúkọ sí i. Mo ní ọ̀gá, ó wà lójú kọ̀ǹpútà yín. Wọ́n ní àwọn mọ̀, pé ti kọ̀ǹpútà ni ti kọ̀ǹpútà, ti fáìlì ni ti fáìlì. Ọjọ́ kan àtààbọ̀ nìyẹn. Rẹ́fà ń jẹ iná, dimọ́réèjì, ìyẹn owó ìtanràn tí kọntéénà bá pẹ́ jù, ń sún mọ́lé, èmi ń wá ibi tí wọ́n ti ń fọ́tòkọ́pì.

Ó wá ku ọ̀nà. Láti pọ́ọ̀tù Lekki sí Ìjọra, ó lé ní 60 kìlómítà, gbogbo ẹ̀ ojú títì. Reluwé ò sí níbẹ̀. Ní Àpápá, irin reluwé tó lọ sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní June 2021, wọ́n ti tẹ́ ẹ wọ inú pọ́ọ̀tù, Lekki tó jẹ́ ọmọ tuntun ló wá ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àbí kí la fẹ́ pè é? Wọ́n kọ́ pọ́ọ̀tù tó gba ọkọ̀ tó tóbi jù nílẹ̀ yìí, wọ́n wá fi tírélà nìkan ṣe ẹnu ọ̀nà ẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà tí táńkà rìfáínárì, tipa oníyanrìn, àti gbogbo ẹni tó ra ilẹ̀ ní Ajah jọ ń tọ̀. Bájì, ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ tó ń kó ẹrù lórí ọ̀sà, wà o, mo ti fi bájì kó ẹrù gbígbẹ láti Àpápá lọ Ìkòròdú, ó dáa, ó rọrùn lápò, bájì kan gbé ohun tí ogún tírélà máa gbé, dírẹ́bà ogún ò ní máa fọn fèrè sí wa létí, àfi ìgbà tí ewéko orí omi bá bo ọ̀sà, tí ẹ́ńjìnì ò ríbi yí. Àwọ̀ ewé tó pọ̀ jù tí mo tíì rí nínú iṣẹ́ pọ́ọ̀tù l'Ékòó náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ríbi so rẹ́fà ẹlẹ́ja mọ́ iná lórí bájì tí mo mọ̀, torí náà tírélà ni.

Tírélà tí mo háyà, orúkọ ilé iṣẹ́ náà á kú sí mi nínú. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ tó máa gbé rẹ́fà wà lára ẹ̀, ó wà lóòótọ́, bí àgbàlagbà ṣe máa ń wà níbi òde. Èéfín dúdú tó ń tú jáde lẹ́yìn tírélà yẹn, bí Ajah ṣe rí i ló yẹ̀bá. A kúrò ní pọ́ọ̀tù ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìlà kiréènì òyìnbó, plọ́ọ̀gì tó ń tàn, gbogbo ẹ̀ wà lẹ́yìn wa, nígbà tó di aago márùn-ún, a wà nínú gosiló ní Ajah, jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Mo wà nínú mọ́tò mi lẹ́yìn, dírẹ́bà sọ̀kalẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ó ti lọ." Mo wo ojú rẹ́fà: -16. Kí mẹkáníìkì tó dé lórí ọ̀kadà, -13. Màmá ń pè, mi ò gbé e. Wọ́n tún pè. Mo gbé e, mo ní a ti ń bọ̀ Màmá, wọ́n ní "Ṣé ẹja mi ń gbóná?", mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Fítọ̀ tó ń sẹ́ dísù ló dí, mẹkáníìkì yọ ọ́, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó dá a padà, jẹnẹrétọ̀ jí. Aago mẹ́wàá alẹ́ la dé Ìjọra, ẹja dì koko bí òkúta, Màmá fi ìka kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jẹ́ kí n jókòó.

Torí náà ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí: nínú ọgbà Lekki, mo fún wọn ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, inú mi dùn sí ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ pọ́ọ̀tù rí mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́), ẹ̀rọ wọn ń ṣiṣẹ́. Ìrìn ẹrù láti géètì sílé, mẹ́ta, ìkan nínú ẹ̀ jẹ́ ti mẹkáníìkì. Dangote kéde ní June 2025 pé òun ń kó ọkọ̀ 4,000 tó ń lo gáàsì CNG wọlé fún pínpín epo, mo rí i pé ọ̀nà yẹn gan-an la nílò fún tírélà kọntéénà, ẹni tó bá yá àwọn onítírélà lówó láti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì àtijọ́ wọ̀nyẹn máa dín èéfín kù ju ẹni tó tún ra kiréènì kan sí i, torí púpọ̀ nínú àwọn onítírélà ò lówó tuntun, ọkọ̀ kan tàbí méjì ni wọ́n ní, tokunbọ̀ sì ni. Tí ẹrù rẹ bá jẹ́ gbígbẹ, tó sì ń lọ Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, gba Lekki, má ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ rẹ́fà tó ń lọ apá Àpápá tàbí Ìjọra, bẹ àwọn tó ń gbé e kí wọ́n já a sí Àpápá, tí wọn ò bá gbà, kí o fojú ara rẹ wo jẹnẹrétọ̀ tírélà kó o tó sanwó, ní kí wọ́n tàn án fún wákàtí kan níwájú rẹ, má gbà kí wọ́n fi fọ́tò hàn ẹ́. Fítọ̀ méjì nínú àpò, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín.

Àwọn kan máa bi mí nípa dídá ẹmpìtì, ìyẹn kọntéénà tó ti ṣófo, padà. Mo gba àyè láti dá a padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fún mi ní ọjọ́, ọjọ́ pé, wọ́n yí i padà, wọ́n ní ibòmíì ni kí n lọ já a sí, ibòmíì yẹn ní àyè ò sí. Ọjọ́ kọkànlá rèé, ó ṣì wà lórí tírélà ní páàkì kan, dírẹ́bà pè mí láàárọ̀ yìí pé ẹnì kan ti ń sá aṣọ sórí ẹ̀.